“Èmi àti ta ni?”: Sí ẹni tó ń polongo fún olùdíje tí wọ́n ní kò lè wọlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ ni mí nílùú kan ní Òkè-Ògùn. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa tẹ́lẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ díje fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré kan. Gbogbo ìlú ló mọ̀ wọ́n séèyàn gidi. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí n yà sí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́: “A fẹ́ràn bàbá yẹn, àmọ́ wọn ò lè wọlé, a ò ní fi ìbò wa ṣòfò.” A ò lówó tí a máa pín. Báwo ni mo ṣe lè yí àwọn èèyàn yìí lọ́kàn padà? Èyí tó tún le jù ni pé ìyá mi gan-an wà lára àwọn obìnrin ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà. Ṣé kí n bá wọn sọ ọ́, àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun tó o kọ̀wé sí mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá àwọn olùdíje ká ilé kiri ní Ìbàdàn àti ní Ọ̀ṣun. Díẹ̀ nínú wọn wọlé. Àwọn tí kò wọlé ló pọ̀ jù, ọ̀dọ̀ tiwọn ni mo sì ti kọ́gbọ́n jù.

Jẹ́ ká tún ohun tí àwọn èèyàn rẹ sọ gbọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn bàbá. Wọn ò sọ pé kò mọ̀wé, wọn ò sọ pé ó jalè, wọn ò sọ pé ọjọ́ orí ti lọ. Kò sẹ́ni tó bá ọ jiyàn lórí ìwà rẹ̀. Síbẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ìwà rẹ̀ lò ń rò fún wọn láti àárọ̀ dalẹ́: bó ṣe tọ́ ọmọ wọn, bí kò ṣe gba rìbá, bó ṣe máa ń dé ilé ìwé ṣáájú gbogbo olùkọ́. Ohun tí wọ́n ti gbà lò ń tà fún wọn. Èyí tí wọn ò gbà, o ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ìdí agbada àkàrà ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé èmi. Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan la jọ ń ká àdúgbò kan ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí olùdíje kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ dá àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ lórí ìwé ìdìbò. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Ìyá alákàrà jókòó sídìí agbada, èéfín bò ó lójú, àwọn ọmọ ilé ìwé dúró yí i ká, owó wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa dọ̀bálẹ̀ kí i, ló bá bẹ̀rẹ̀: olùdíje wa á ṣe ojú ọ̀nà, á fa omi, á fún àwọn obìnrin lówó ìṣòwò. Ìyá ò gbójú sókè. Ó ń yí àkàrà, ó ń gbọn òróró kúrò lára èyí tó ti jinná, ó ń wé e sínú bébà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ọmọkùnrin náà, ó ní, “Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á ṣe é.” Ìwọ náà mọ ohun tí “Ọlọ́run á ṣe é” ń sọ lẹ́nu àgbà tó bá fẹ́ kí o máa bá tìrẹ lọ.

Mo fa àpótí kan, mo jókòó. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tẹ́ ẹ ti ń dìbò fún bọ̀ látẹ̀yìnwá, kí lẹ rí lọ́wọ́ wọn?” Ó nawọ́ sí gọ́tà tó wà lẹ́yìn mi. Ó ní kánsẹ́lọ̀ kan ti dúró sójú ibẹ̀ yẹn rí, tó ní òun á fi kọnkéré bò ó kí òjò tó dé. Òjò dé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ jìn sí i lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ọlọ́kadà tó bẹ́ sínú omi. Ó sọ̀rọ̀ yẹn títí àkàrà kan fi jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó wo ojú mi, ó ní, “Olùdíje yín yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ìyá tó bí i. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìbò fún un, èmi àti ta ni?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ìbéèrè yẹn kiri. Olùdìbò tó ní olùdíje rẹ kò lè wọlé, aládùúgbò rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń sọ pé òun ò rò pé aládùúgbò òun máa dì í fún un. Aládùúgbò ọ̀hún náà jókòó sílé tirẹ̀, ó ń ro irú rẹ̀ nípa òun. Ọgọ́rùn-ún èèyàn lè wà ládùúgbò kan tí gbogbo wọn fẹ́ ẹnì kan, kí gbogbo wọn sì lọ dìbò fún ẹlòmíràn, torí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èkejì òun fẹ́ ẹ. Wọ́n mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ yòókù ni wọn ò rí.

Nítorí náà, má bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́ pé bàbá máa wọlé. Wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́, bí wọn ò bá sì gbà ọ́ gbọ́ lórí ìyẹn, ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ ti bà jẹ́ nìyẹn. Sọ òótọ́ fún wọn: “Ó le. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá wà níwájú wa, wọ́n lówó, wọ́n sì ní ìjọba lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ibùdó ìdìbò tiyín yìí, èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ti sọ fún mi látẹnu ara wọn pé bàbá làwọn máa dì í fún. Ìyá ẹlẹ́kọ tó wà ní kọ́nà yẹn ní kí n dárúkọ òun fún yín.” Orúkọ ni ìdáhùn sí “èmi àti ta ni”. Ìwé ìléwọ́ ò lè dáhùn rẹ̀, orin ìpolongo ò lè dáhùn rẹ̀.

Àmọ́ má dárúkọ ẹni tí kò bá ní kó o dárúkọ òun. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Àwọn kan háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ olóṣèlú. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá jáde látẹnu rẹ, tí wọ́n sì jìyà rẹ̀, o ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, o sì ti ṣẹ̀ wọ́n.

Ọjọ́ kẹsàn-án la padà sọ́dọ̀ ìyá alákàrà. Orúkọ mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ wa, tí gbogbo wọn gbà ká sọ. Aránṣọ tó kọjú sí i gan-an wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ka orúkọ rẹ̀, ìyá dìde, ó ké sí i láti ìsọdá títì: “Ìwọ náà? O ò sì sọ fún mi!” Aránṣọ dá a lóhùn pé, “Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi, mà.” Láti ọjọ́ yẹn lọ, àwa kọ́ là ń polongo níbẹ̀ mọ́; àwọn méjèèjì ni. Olùdíje wa ò wọlé lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ní ibùdó yẹn, òun ló gbégbá orókè. Láwọn ibùdó mẹ́ta tó yí i ká, níbi tí a ti pín ìwé ìléwọ́ kiri tá a sì kọjá lọ, a ò rí nǹkan kan ká níbẹ̀.

Èyí ni mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kó o mú ibùdó ìdìbò kan ṣoṣo ṣáájú. Ti àdúgbò rẹ ni kó o mú, níbi tí wọ́n ti mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́. Wá èsì ibẹ̀ nínú ìdìbò tó kọjá, lọ́dọ̀ àjọ elétò ìdìbò, INEC, tàbí lọ́dọ̀ èjẹ́ǹtì tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wo iye tó forúkọ sílẹ̀, wo iye tó dìbò, wo iye tí ẹni tó borí ní. Ó máa yà ọ́ lẹ́nu bí iye yẹn ṣe kéré tó. Lọ́dún 2023, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 93 ló forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bíi mílíọ̀nù 25 ló jáde dìbò ààrẹ. Nínú èèyàn mẹ́rin, ẹyọ kan ló jáde, ó fi díẹ̀ lé. Àwọn mẹ́ta tó jókòó sílé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àárín wọn ni ìbò bàbá wà.

Wọ́n á bi ọ́ pé ibo ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Mú àpẹẹrẹ tó dájú lọ́wọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ní ẹkùn Kaura ní ìpínlẹ̀ Kaduna, Donatus Matthew, ọlọ́kadà tó ti ṣe kánsẹ́lọ̀ rí, díje lọ sí ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá lábẹ́ ẹgbẹ́ Labour. Ìbò 10,508 ló ní. Gideon Gwani ti PDP, tó wà lórí àga náà, ní 10,297. Ìbò 211 ló yà wọ́n. Nínú ìdìbò kan náà ní Etí-Ọ̀sà l'Ékòó, Thaddeus Attah ti Labour, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rí, ní 24,075, ó fẹ̀yìn Banky W olórin àti Ibrahim Obanikoro ti APC balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́n nínú àwọn olùdìbò rẹ á sọ fún ọ pé ìgbì Peter Obi, olùdíje ààrẹ ti Labour, ló gbé àwọn méjèèjì wọlé. Gbà fún un, torí òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà, bá a wo bí ìgbì yẹn ṣe dìde. Èkó tí gbogbo ayé gbà pé ti Bola Tinubu ni, Obi ní 582,454 níbẹ̀, Tinubu ní 572,606. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fún oṣù mélòó kan ṣáájú, àwọn ọ̀dọ́ ń rìn yí ìgboro ká, ojú ń rí ojú, ẹni tó ti rò pé òun nìkan ni wá rí i pé àwọn pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà ìdìbò gómìnà, Gbadebo Rhodes-Vivour ti ẹgbẹ́ kan náà ní 312,329, Babajide Sanwo-Olu sì ní 762,134. Wọ́n dẹ́rù ba àwọn olùdìbò láwọn ibùdó kan lọ́jọ́ náà, èèyàn púpọ̀ jókòó sílé. Ṣùgbọ́n mo tún rí nǹkan mìíràn níbẹ̀: ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní nínú ẹnì kan, kò ṣeé gbé wọ ẹlòmíràn lọ́rùn bí ẹ̀wù. Nítorí náà, má gbójú lé ìgbì kankan láti òkè. Bí ó bá dé, ó dára. Bí kò bá dé, ìwé orúkọ rẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.

Ọ̀rọ̀ “a ò ní fi ìbò ṣòfò” wá kù. Ọ̀ṣun ni mo máa ń mú wọn lọ. Lọ́dún 2018, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka ìbò gómìnà, Ademola Adeleke ti PDP ní 254,698, Gboyega Oyetola ti APC ní 254,345. Ìbò 353 ló wà láàárín wọn, ibùdó 3,010 ni wọ́n sì ti dìbò. Bí o bá pín in, ìbò kan ò kan ibùdó mẹ́jọ. Wọ́n ní kí àwọn ibùdó méje tún un dì. Ta ni ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì wá ń sáré lọ bá ní Ilé-Ifẹ̀? Iyiola Omisore ti SDP ni, ẹni tó ṣe ipò kẹta, tí àwọn tó lé ní 128,000 dìbò fún. Gbogbo àwọn tí wọ́n ń sọ fún láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò pé ẹ̀ ń fi ìbò ṣòfò, àwọn ni wọ́n wá ń kúnlẹ̀ fún. Oyetola, tí Omisore gbè sẹ́yìn, fi ìbò 482 borí nígbẹ̀yìn. Ní Ọ̀yọ́ tìrẹ náà, Seyi Makinde díje fún ipò gómìnà lábẹ́ SDP lọ́dún 2015, ó pàdánù pátápátá. Lọ́dún 2019 ó wọlé pẹ̀lú 515,621, Adebayo Adelabu tó tẹ̀lé e ní 357,982. Lóòótọ́, ó ti padà sí ẹgbẹ́ ńlá nígbà yẹn, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì gbárùkù tì í. Má fi ìyẹn pamọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìdìbò tó ti fìdí rẹmi yẹn wà lára ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀.

Má mú ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú o. Bí o bá dé ilé kan, tó o kọ́kọ́ sọ fún wọn pé “bí wọn ò bá tiẹ̀ wọlé…”, o ti sọ fún wọn pé ìwọ náà ò gbà gbọ́. Fi í pamọ́ di ìgbà tí wọ́n bá fẹnu ara wọn sọ ọ̀rọ̀ ìfiṣòfò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Wọ́n á bi ọ́ pé kí lo mú wá, torí “dìbò kóo sebẹ̀” ti wọ ìlú lára. Mo ti rí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó máa ń ṣe ìṣirò fún ìyá àgbà: bí o bá fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà pín ọdún mẹ́rin, kò tó náírà mẹ́rin lóòjọ́. Ìṣirò náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n má ṣe é fún ẹni tí kò tíì jẹun. Ó mọ iye tí ẹgbẹ̀rún márùn-ún jẹ́ lójú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ jù ọ́ lọ, ìtìjú nìkan ló sì máa kó níbẹ̀. Òfin ìdìbò ka ẹni tó fún ni lówó àti ẹni tó gbà á sí ọ̀daràn. Ìyẹn náà, má fi halẹ̀ mọ́ wọn. Ohun tí mo máa ń sọ ò ju èyí lọ: “Mi ò mú nǹkan kan wá, mà. Ẹni tó rán mi níṣẹ́ ò ní in. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka, ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà níbẹ̀.” Màá wá pa ẹnu mọ́. Ìpanumọ́ yẹn ń ṣiṣẹ́ ju ìwàásù lọ.

Ohun tó yẹ kí bàbá fi rọ́pò owó ni ìlérí pàtó tó kan ìlú wọn. Níbí, àwọn ará orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ gidi. Nígbà ìdìbò ààrẹ wọn lọ́dún 2001, ọ̀jọ̀gbọ́n Leonard Wantchekon bá àwọn olùdíje sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé láwọn abúlé kan kí ìpolongo dá lórí ohun tí olùdíje máa ṣe fún ìlú ibẹ̀ nìkan, láwọn abúlé mìíràn kí ó dá lórí ohun tó máa ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè láǹfààní. Ìlérí ti “ìlú wa” ló mú ìbò wá. Ọ̀rọ̀ gbogbogbòò ò wọ àwọn èèyàn létí tó bẹ́ẹ̀, àfi pé àwọn obìnrin fetí sí i ju àwọn ọkùnrin lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka èyí tán, wọ́n ní ó tán nìyẹn, ẹ jẹ́ ká máa pín ìrẹsì. Àmọ́ Wantchekon àti Thomas Fujiwara tún un ṣe nínú ìdìbò ààrẹ mìíràn níbẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Lọ́tẹ̀ yìí, dípò ìwọ́de onílù àti ẹ̀bùn, wọ́n pe ìpàdé ìlú, wọ́n ṣàlàyé ètò olùdíje, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ará ìlú bi wọ́n léèrè kí wọ́n sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìpàdé wọ̀nyí gé ìbò olùdíje tó ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní abúlé náà kù. Ibi tí olùdíje ò ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ìpàdé náà ti ṣe é láǹfààní jù. Ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ mi. Irú olùdíje tí bàbá rẹ jẹ́ gan-an ni wọ́n ń sọ.

Nítorí náà, ìpàdé àgbàlá ni kẹ́ ẹ ṣe, kì í ṣe ìwọ́de. Ogún èèyàn, ọgbọ̀n èèyàn, lábẹ́ igi tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnì kan, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ọjà dé. Kí bàbá fúnra rẹ̀ wá, kí ó jókòó lórí ìjókòó kan náà pẹ̀lú wọn, kí ó má sì lo ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó máa ṣe ọ̀nà, kí ó sọ òótọ́ pé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ́ ló ń ṣe ọ̀nà. Òfin àti bọ́jẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kó wá ṣèlérí kan tó wà níkàáwọ́ ara rẹ̀. Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò: kó sọ pé lọ́dọọdún, òun á dúró ní gbangba ọjà, òun á ka gbogbo ohun tí ìjọba kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún ìlú yẹn, èyí tí wọ́n ṣe àti èyí tí wọn ò ṣe. Ọ̀gá ilé ìwé ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gba káàdì èsì ọmọ wọn lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Wọ́n mọ̀ pé kì í kọ “ó yege” fún ẹni tí kò yege. Ìlérí tó bá bá ìwà tí wọ́n ti mọ̀ mọ́ ẹni mu, kò ní ṣòro fún wọn láti gbà gbọ́.

Àwọn iyèméjì tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹni tó ní “ọ̀kan náà ni gbogbo yín”, jẹ́ kó sọ ìtàn gọ́tà tirẹ̀ tán kó o tó sọ ohunkóhun. Ẹni tó ní ìbò kì í ka, sọ fún un pé ẹ̀rọ BVAS ti ń fi ìka àti ojú dá olùdìbò mọ̀, àti pé ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2022, wọ́n gbé èsì àwọn ibùdó sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà gan-an, Adeleke sì borí gómìnà tó wà lórí àga. Bí ó bá dá ọ lóhùn pé èsì ìdìbò ààrẹ 2023 ò débẹ̀ lọ́jọ́ náà, òótọ́ ló sọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ ní èjẹ́ǹtì tó máa jókòó ti ìbò títí wọ́n á fi kà á tán. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ sínú ẹgbẹ́ tirẹ̀, kí i, béèrè ara rẹ̀, kó o sì máa lọ. Ní Amẹ́ríkà, Joshua Kalla àti David Broockman kó ìwádìí 49 jọ lórí ìpolongo, wọ́n sì rí i pé, ká pín in dọ́gba, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà nínú ìdìbò gbogbogbòò. Àkókò rẹ ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó fẹ́ bàbá ṣùgbọ́n tó ń wò yí ká ni iṣẹ́ rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí ọjọ́ ìdìbò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, padà sílé gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé rẹ. Bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n máa jáde, àti pé ta ni wọ́n jọ ń lọ. So wọ́n pọ̀ ní méjìméjì, mẹ́tamẹ́ta, kí ìyá ẹlẹ́kọ lọ pe aránṣọ, kí aránṣọ lọ pe ọmọ ìyàwó tó wà lókè ilé. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dé orí ìlà, tó rí ojú mẹ́jọ tó mọ̀, ẹ̀rù á kúrò lára rẹ̀, kò sì ní sáré lọ dìbò fún ẹgbẹ́ ńlá lójijì.

Ó wá ku ìyá rẹ. Bá wọn sọ ọ́, kó o sì sọ ọ́ kíákíá, kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn tó sọ ọ́ fún wọn ní ìpàdé pé ọmọ ẹ ń bá àwọn kan kiri. Ìyẹn ni yóò dùn wọ́n, ju ìbò lọ. Kúnlẹ̀, sọ pé, “Màmi, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.” Má bẹ̀ wọ́n fún ìbò. Ẹgbẹ́ yẹn ni wọ́n ti ń gba aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ọ̀wọ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ tó wá bá wọn jókòó nígbà òkú wà. O ò lè fi ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún já gbogbo ìyẹn. Má lẹ pátákó bàbá mọ́ ara ògiri ilé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti èmi wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjìlá, ibùdó kan náà la ti ń dìbò, a sì jọ máa ń rìn lọ ni. Mi ò bi í rí pé ta ló dì í fún.

Ohun kan péré ni kó o ṣọ́ra fún. Ìwé tí orúkọ àwọn èèyàn rẹ wà nínú rẹ̀, má gbé e síbi tí ìyá rẹ á ti rí i. Kì í ṣe pé o ò fọkàn tán wọn. Bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè lẹ́gbẹ́, kí ó lè jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀.